Ohun Tí Umu Yásírì Tọrọ Ní Mẹ́kà

Láti ìgbà tí mo ti padà dé Ògbómọ̀ṣọ́, ìbéèrè kan náà ni tọmọdé tàgbà ń bi mí. Wọ́n á kí mi káàbọ̀, wọ́n á wò mí láti òkè dé ilẹ̀ bóyá mo sanra, lẹ́yìn náà wọ́n á ní, "Sístà Fúnmi, ṣé ẹ dé Mẹ́kà?" Àwọn aládùúgbò wa tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí tiẹ̀ ti sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀, wọ́n ń pè mí ní Àlàájà Onítẹ̀bọmi. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Mi ò dé Mẹ́kà. Onígbàgbọ́ kì í dé ibẹ̀. Ibi tí mo dé kò ju ibi tí ojú ọ̀nà ti pín sí méjì lọ, tí pátákó ńlá kan ń sọ fún Mùsùlùmí pé kó máa lọ tààrà, kí ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí sì yà. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù lọ nínú gbogbo ìrìn-àjò mi, Mẹ́kà ló ti ṣẹlẹ̀, láì sí mi níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí, kí ẹ yé bi mí lẹ́yọ lẹ́yọ.

Jídà

Nígbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn bàlúù, mo rò pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló ń fẹ́ ooru sí mi lójú. Mo sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ooru náà bá mi sún. Obìnrin tó wà lẹ́yìn mi ní kí n máa lọ, pé bí ìlú ṣe rí nìyẹn. Jídà wà létí òkun, ọ̀rinrin òkun náà sì ni wọ́n fi ń se èèyàn níbẹ̀. Kí n tó rí ẹrù mi gbà, aṣọ ti lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo bá lọ. Ẹ̀ka tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kíndìnrín wọn ti dáṣẹ́ sílẹ̀ ni wọ́n fi mí sí. A máa ń sọ nílé pé kò sẹ́ni tó mọ èèyàn kí bíi Yorùbá. Ẹ lọ sí Jídà. Ẹnìkan á bi ọ́ léèrè àlàáfíà rẹ, á bi ọ́ léèrè ara, á bi ọ́ léèrè ìròyìn, á tún padà sórí àlàáfíà, kò sì ní dúró kí o dáhùn ọ̀kankan nínú wọn. Wọ́n á wá bu kọfí fún ọ nínú ife kékeré tí kò ju ojú ìka lọ, pẹ̀lú dàbínù. Bí o bá mu ún tán, wọ́n á tún bu òmíràn. Ojú ń tì mí láti kọ̀, mo mu kọfí kíkorò yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ títí àyà mi fi ń já. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ńṣe ni wọ́n ń mi ife náà díẹ̀ lọ́wọ́ bó bá ti tó.

Ní ọjà, wọ́n rò pé a bí mi síbẹ̀ ni, nítorí àwọn aláwọ̀ dúdú tí baba ńlá wọn wá ṣe Hájì tí wọn ò padà pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n á da Lárúbáwá bò mí. Bí mo bá fi Lárúbáwá ilé ìwòsàn dá wọn lóhùn, èyí tó jẹ́ pé "ibo ló ń dùn yín" àti "ẹ má mu omi púpọ̀" ló kún inú rẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan kún tèmi.

Àdúgbò Ṣarafíyà ni mò ń gbé, láàárín àwọn àlejò ẹlẹgbẹ́ mi láti orílẹ̀-èdè gbogbo. Yàrá kan nínú ilé Màmá Ìbùkún ni mo gbà. Ará Ìgbájọ ni Màmá Ìbùkún, nọ́ọ̀sì àgbà ni, òun ló dàgbà jù nínú gbogbo wa tá a jẹ́ Onígbàgbọ́ láti Nàìjíríà, ilé rẹ̀ sì ni ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọjọ́ Ẹtì là ń jọ́sìn, torí ọjọ́ yẹn ni a kì í ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún bàbá mi lórí fóònù, ó ní ṣé wọn ò tíì sọ wá di Mùsùlùmí báyìí. Torí ìjọba ibẹ̀ kò fàyè gba ṣọ́ọ̀ṣì, a ó fa kọ́tìnnì, a ó tan tẹlifíṣọ̀n, a ò ní pàtẹ́wọ́, imú la fi ń kun orin. Èmi tí mo dàgbà sínú ẹgbẹ́ akọrin tí ohùn rẹ̀ ń dé ìta títì! Ó ṣòro fún mi, mi ò ní purọ́.

Ìyá ìsàlẹ̀ ilé

Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Tọ́kì àti Síríà, ẹ̀yin náà rí i lórí tẹlifíṣọ̀n. Bùrọ́dà Káyọ̀dé, dókítà eegun tó ti bá wa jọ́sìn rí kó tó lọ sí Yúróòpù, bá ẹgbẹ́ aláàánú kan tí àwọn Onígbàgbọ́ dá sílẹ̀ lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ìlú tó wó ní Tọ́kì. Ó máa ń pè wá. Ó ní òtútù ń pa èèyàn nínú àgọ́, pé àwọn ń to eegun láàárọ̀, àwọn ń pín búrẹ́dì àti ọbẹ̀ gbígbóná nírọ̀lẹ́. Ó ní olórí wọn kì í jẹ́ kí wọ́n wàásù fẹ́ni tí ebi ń pa. Bí ẹnìkan bá bi wọ́n pé ta ló rán wọn, wọ́n á sọ. Bí kò bá bi wọ́n, kí wọ́n máa bu ọbẹ̀.

Àwa tí a wà ní Jídà ò lè gbé apẹ̀rẹ̀ síta pé ìjọ ń kó nǹkan jọ. Ìjọ wo? À ń gbàdúrà ṣáá, ó sì ń ṣe wá bíi pé a kò ṣe nǹkan kan. Ibẹ̀ la wà tí Hásánì, ará Síríà tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa, fi mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin dé. Awakọ̀ akẹ́rù ni Hásánì, ó máa ń kó ewébẹ̀ lọ sí ìlú Tàbúkù tó jìnnà réré. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ti sá fún ogun láti Hálábù, ìlú wọn ní Síríà, lọ sí Tọ́kì pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ìmìtìtì ilẹ̀ sì tún bá a níbẹ̀. Umu Yásírì ni wọ́n ń pè é, ìyẹn Ìyá Yásírì, torí àwọn náà ń fi orúkọ ọmọ pe ìyá bíi tiwa.

Màmá Ìbùkún ní iṣẹ́ àánú wa ti wá bá wa nílé. A kó kúbùsù àti aṣọ, a se ìrẹsì, a sọ̀ kalẹ̀ lọ kí i. Wọ́n di apá rẹ̀ kan mọ́ àyà, bàtà àbúrò rẹ̀ ló wọ̀. Ẹ ò mọ ohun tó kọ́kọ́ ṣe? Ó ní ká jókòó, ó fi ọwọ́ kan tó kù gbé omi kaná, ó po tíì fún wa, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa ran òun lọ́wọ́. Ẹni tí kò ní nǹkan kan láyé mọ́ ló ń ṣe wá lálejò.

A di ará ilé ara wa, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì ti wá gbọ́ Lárúbáwá dáadáa. Mo máa ń bá a wẹ ojú ọgbẹ́ rẹ̀, òun á sì se ọbẹ̀ ẹ̀wà pupa wọn, tí wọ́n ń fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí. A ń ṣe àríyànjiyàn láàárín ara wa bóyá ká sọ fún un pé Onígbàgbọ́ ni wá. Lọ́jọ́ kan òun fúnra rẹ̀ ní, "Àbúrò mi, ẹ̀ ń kùn lọ́jọ́ Jímọ̀. Mò ń gbọ́. Àwọn tó ń gbé lókè ilé wa ní Hálábù, ọdọọdún Kérésì ni wọ́n ń gbé àkàrà òyìnbó sọ̀ kalẹ̀ fún wa. Kí lẹ̀ ń fi pamọ́ fún mi?" Ojú tì wá, a sì rẹ́rìn-ín.

Yásírì ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ogún ọdún. Ilé tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì ló ti ń ṣiṣẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ ló máa ń jáde. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí ilẹ̀ mì. Wọ́n fa ìyá yọ lábẹ́ ilé tiwọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tí ọmọ wà. Ẹnìkan sọ fún un pé òun rí i nínú ọkọ̀ tó ń gbé àwọn tó fara pa lọ sí ìlú mìíràn. Ọ̀rọ̀ ẹni yẹn ló gbé e ró. A fi àwòrán Yásírì ránṣẹ́ sí Bùrọ́dà Káyọ̀dé, ó sì ṣèlérí pé òun á wá a.

Àlàájà Kúdáì

Àlàájà Rábíátù máa ń mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá fọ ẹ̀jẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Lọ́jọ́ tí mo ń bá ilé sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó dúró tì mí títí mo fi parí. "Ọmọ Yorùbá ni ọ́?" Mo kúnlẹ̀ kí i. Ìlọrin ni baba bàbá rẹ̀ ti wá sí Mẹ́kà tí kò padà, àdúgbò Kúdáì níbẹ̀ ni wọ́n bí òun sí, kò sì dé Nàìjíríà rí láyé rẹ̀. Síbẹ̀ Yorùbá ẹnu rẹ̀ gbó ju tèmi lọ. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ìyá ìyá mi nìkan ń sọ ló ń sọ, á wá fi Lárúbáwá dí àárín wọn, àfi bíi pé ará Ìlọrin àtijọ́ ló há sí ọ́fíìsì àwọn tó ń gba ìwé ìgbélùú. Bó bá bá Sálmà ọmọ rẹ̀ sọ Yorùbá, Lárúbáwá nìyẹn fi ń dá a lóhùn. "Ó gbọ́ ọ o," Àlàájà á ní, "ahọ́n ẹ̀ ló ń ṣọ̀lẹ."

Mẹ́kà tí mo mọ̀, ẹnu Àlàájà ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ó sọ fún mi bí ilé Kúdáì ṣe ń gun àpáta lọ sókè, bí bọ́ọ̀sì àwọn onírìn-àjò Hájì ṣe ń pọ̀ níbẹ̀ tí kò ní sí ibi tí wọ́n fẹ́ gbẹ́sẹ̀ sí. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré tó ti ń ta aṣọ ìkírun, bí àkókò Hájì bá sì tó, ó ń bá àwọn tó ti Nàìjíríà wá gba yàrá ní àdúgbò Àsísíyà. Ó máa ń sọ pé bí kò bá jẹ́ ti ẹ̀sìn, òun ì bá ti mú mi lọ jẹun nílé òun.

Mo sọ ọ̀rọ̀ Umu Yásírì fún un. Ó wá kí i, ó gbé aṣọ wá fún un, àwọn méjèèjì fi Lárúbáwá bá ara wọn sọ̀rọ̀ pẹ́. Nígbà tó ń lọ, ó ní, "Màá mú un ṣe Úmírà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìnṣáálàhù. Kó fojú kan ilé Ọlọ́run, ọkàn ẹ̀ á balẹ̀." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí Umu Yásírì tó fẹyín.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán sí wa

Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ Úmírà yẹn ni Bùrọ́dà Káyọ̀dé pè. Ó ti rí ọ̀gá ilé búrẹ́dì náà. Ọ̀gá náà àti àwọn aládùúgbò ló hú Yásírì jáde lábẹ́ ògiri, ó ti kú, wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sì sin ín. Bùrọ́dà Káyọ̀dé dé ojú oórì náà. Ó ní ká bá òun sọ fún ìyá rẹ̀, pé òun ò lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù fún ẹni tí òun ò rí rí.

Èmi àti Màmá Ìbùkún nìkan la wà nílé. Mo ní ká sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ fún un.

"Báwo lo ṣe fẹ́ sọ ọ́?" Màmá Ìbùkún bi mí. "O fẹ́ kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà kí o ní ọmọ rẹ ti kú? Hásánì wà ní Tàbúkù. A kì í túfọ̀ fún ìyá lójú àlejò, Fúnmi. Bí àbúrò rẹ̀ bá dé, a ó se oúnjẹ, yóò jẹun, a ó jókòó tì í, a ó wá sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a á fi tọmọ jẹ́ ẹ."

"Ọ̀la ló ń lọ sí Mẹ́kà, Mà."

"Kó lọ. Ta ló máa dá ẹni tó ń lọ bá Ọlọ́run rẹ̀ dúró? Kí la máa sọ pé ó fà á? Jẹ́ kó gba okun níbẹ̀ ná, torí yóò nílò rẹ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka èyí, ẹ má tíì dá a lẹ́jọ́. Nínú yín, ta ni wọ́n sọ ikú ìyá tàbí bàbá rẹ̀ fún ní tààrà? Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kú ní Ìbàdàn, wọ́n sọ fún ìyá mi pé ara rẹ̀ ni kò yá, wọ́n sì ń sọ bẹ́ẹ̀ títí ilé fi kún. Inú rere ni wọ́n fi ṣe é. Inú rere ni Màmá Ìbùkún náà fi ṣe é. A tiẹ̀ ní ká má sọ fún Àlàájà, kó má bàa yọ lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Màmá Ìbùkún wọ̀ mí létí, mo sì gbà.

Ibi tí ojú ọ̀nà ti pín

Èmi ni mo fi ọkọ̀ mi gbé Umu Yásírì dé ilé epo kan lójú ọ̀nà Mẹ́kà, níbi tí Àlàájà ti ní òun á pàdé wa. Aṣálẹ̀ ló wà lọ́tùn-ún lósì, àwọn òkè dúdú tí koríko kan kò hù lórí wọn. Umu Yásírì wọ aṣọ tí Àlàájà fún un. Ó ń ka àdúà rẹ̀ jẹ́jẹ́, nígbà tó yá ó yíjú sí mi.

"Àbúrò mi, o mọ ohun tí ìyá mi máa ń sọ fún wa? Ó ní ẹni tó bá fojú kan Kábà fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ohun tó bá tọrọ kí ojú rẹ̀ tó kúrò lára rẹ̀, Ọlọ́run kì í dá a padà. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Bó o tún lọ nígbà ọgọ́rùn-ún, kò sí ojú àkọ́kọ́ mìíràn. Ìyá mi kú láì rí i. Èmi ti ń tọ́jú tèmi láti kékeré. Nígbà kan mo fẹ́ fi tọrọ ọkọ rere. Nígbà tó yá, mo fẹ́ fi tọrọ kí ogun parí." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo wá mọ ohun tí mo ti ń tọ́jú rẹ̀ dè báyìí."

"Kí lẹ fẹ́ tọrọ?" Mo bi í, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ ọ́n.

"Kí Ó mú Yásírì wá bá mi lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀."

Mi ò mọ bí mo ṣe ń wa ọkọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi. Mo ní kí n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kí n sọ ọ́, mo tún wo aṣálẹ̀ náà, mo ní, kí n wá sọ ọ́ fún un níbí, láì sí ẹbí, láì sí ibi tó máa fẹ̀yìn tì? Màmá Ìbùkún ti ní ká dúró. Àgbà ti sọ̀rọ̀. Ó bi mí léèrè ohun tí òun lè bá mi tọrọ, mo ní ìlera, mo tún ní ìlera. Ó rò pé èmi ni ìlera ń wù bẹ́ẹ̀, ó sì fọwọ́ bà mí léjìká.

Àlàájà ti ń dúró nílé epo náà nínú ọkọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbá Umu Yásírì mọ́ra. Wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n lọ tààrà. Mo dúró sójú oòrùn títí mi ò fi rí wọn mọ́, mo sì yí ọkọ̀ mi padà sí Jídà.

A túfọ̀

Ó padà dé pẹ̀lú omi Sámúsámù àti dàbínù fún gbogbo wa. Mi ò rí ojú rẹ̀ kó tàn bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní nígbà tí Kábà yọ sí òun, ọwọ́ Àlàájà ni òun dì mú. Ó ní òun tọrọ ohun tí òun lọ tọrọ, ọkàn òun sì ti balẹ̀. Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ ojú àkọ́kọ́ yẹn fún Màmá Ìbùkún nínú ilé ìdáná. Ó fi ọwọ́ di tábìlì mú, ó sì pẹ́ kó tó jáde.

Ọjọ́ tí Hásánì dé, a mú un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a sọ fún un. Ó bú sẹ́kún. Màmá Ìbùkún ti se ìrẹsì pẹ̀lú ẹran ewúrẹ́, ó dín adìyẹ, ó gbé gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ nísàlẹ̀ níbẹ̀. Umu Yásírì jẹun dáadáa. Ó ń dá wa lápàárá pé àwọn aláwọ̀ dúdú fẹ́ fi ata pa òun. Nígbà tó jẹun tán, Màmá Ìbùkún, tó dàgbà jù ú lọ dáadáa, kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"A ti gbọ́ nípa Yásírì."

"Ó wà láàyè?"

"Ó ti lọ bá Ọlọ́run rẹ̀."

Kò pariwo. Ó ní láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run la ti wá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la sì ń padà sí. Ó béèrè bóyá wọ́n wẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó sin ín. A ní wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n sì kírun sí i lára. Ìgbà yẹn ni omi ń bọ́ lójú rẹ̀. A jókòó tì í, a ń bá a sunkún. Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Mo rò pé ibi tó le jù ti kọjá.

Ó wá nu ojú. "Ìgbà wo lẹ gbọ́?"

Màmá Ìbùkún kò purọ́. "Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ lọ sí Mẹ́kà."

Ó wò mí. "Ìwọ náà mọ̀? Nínú ọkọ̀?"

"Mo mọ̀."

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá. "Mo dúró níwájú ilé náà. Mo ní kí Ó dá ẹsẹ̀ rẹ̀ sí, kí Ó dá ojú rẹ̀ sí. Mi ò tọrọ àánú fún un. Mi ò ní kí Ó fẹ sàréè rẹ̀. Obìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ń tọrọ fún òkú rẹ̀, mo sì sún kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, torí mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ikú kan àdúà ọmọ mi. Èmi ni mo sún kúrò."

Kò bá wa sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Hásánì gbé e lọ sí Kúdáì lọ́dọ̀ Àlàájà, nítorí Umu Yásírì ní òun fẹ́ wà nítòsí ilé Ọlọ́run kí òun lè máa tọrọ ohun tó yẹ kí òun ti tọrọ.

Ìlú tí ẹsẹ̀ wa kò lè dé

Nígbà tí Àlàájà tún mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sílé ìwòsàn, kò dáhùn ìkíni mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dúró títí mo fi so ẹ̀rọ mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tán.

"Fúnmi, baba bàbá mi gbé àṣà yẹn dé Kúdáì. Nígbà tí àbúrò mi kú, àwa náà gbé e pamọ́ fún ìyá wa títí ó fi jẹun. Mi ò lè bú yín tìtorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ fi í lé mi lọ́wọ́, ẹ ò sọ fún mi. Mo ní kó di ojú rẹ̀ títí a fi dé ibi tó ti máa rí Kábà dáadáa. Wàláì, èmi ni mo ní, 'Ó yá, lajú, tọrọ.'"

"Ẹ jọ̀ọ́, Àlàájà. Ṣé Ọlọ́run ò mọ ohun tó yẹ kí Ó fi àdúà náà ṣe ni?"

"Ọlọ́run mọ̀. Obìnrin náà ni ò mọ̀."

Nílé wa, bí a bá ṣe irú èyí sí èèyàn, ó ní ohun tí à ń ṣe. A ó kó àgbàlagbà jọ, a ó lọ bá a nílé, a ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Bó bá lé wa, a ó tún padà lọ́jọ́ kejì. Ẹsẹ̀ ni a fi ń bẹ̀bẹ̀, kì í ṣe fóònù. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìlú tó wà láyé, ibi kan ṣoṣo tí a kò lè fi ẹsẹ̀ wa dé ló lọ jókòó sí. Màmá Ìbùkún bẹ̀rẹ̀ sí í rán Àlàájà níṣẹ́ ẹ̀bẹ̀, èsì tó sì ń padà wá ni pé kò sí nǹkan kan. Ẹ mọ ohun tí "kò sí nǹkan kan" máa ń jẹ́ lẹ́nu ẹni tí inú rẹ̀ bà jẹ́. Màmá kò kun orin mọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, ó kàn ń jókòó ni.

Nígbà tí Bùrọ́dà Káyọ̀dé pè láti bi wá bí ìyá náà ṣe gba ọ̀rọ̀ náà, a sọ fún un pé ó gbà á dáadáa. A ò fẹ́ kó kó ìbànújẹ́ wa mọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe láàárín òkú àti àwọn tó fara gbọgbẹ́. Ẹ ò rí i pé a ò tíì kọ́gbọ́n. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ìdágbére

Ìgbà tí mo ń múra àtibọ̀ nílé, mo bẹ Àlàájà pé kó jẹ́ kí n rí Umu Yásírì kí n tó lọ. Ó ní òun á gbìyànjú. Ó mú un wá sí ilé epo ojú ọ̀nà Mẹ́kà yẹn.

Ó ti rù, oòrùn ti pa á lójú, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ ti jinná. Ó ń bá Àlàájà jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì ti ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀. "Ẹ káàbọ̀," ó sọ fún mi, bí ará Ìlọrin ṣe ń sọ ọ́. Mo kúnlẹ̀ sórí kọnkéré gbígbóná, mo ní kó dárí jì mí, kó dárí ji Màmá Ìbùkún. Àwọn awakọ̀ tó ń ra epo ń wò wá.

"Dìde," ó wí. "Mo ti dárí jì yín. Ó ti pẹ́. Ẹ̀yin lẹ fún mi ní kúbùsù nígbà tí mi ò ní, ẹ̀yin lẹ wá ọmọ mi rí. Mi ò gbàgbé." Ó fi ọwọ́ lé mi lórí, ọwọ́ náà kò wúwo, mo sì mọ̀ pé ìdáríjì náà ti ọkàn rẹ̀ wá. Ara mi fúyẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ náà. Mo sáré lọ sínú ọkọ̀, mo gbé kúlà mọ́ínmọ́ín tí mo sè fún un láàárọ̀ wá, mo ṣí i sílẹ̀ níwájú rẹ̀ kí òórùn rẹ̀ lè kọ́kọ́ kí i.

Ó wo mọ́ínmọ́ín náà. Ó wo ojú mi. Mo rí i tí ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Mò ń lọ sílé wa ni, mo ní kí n se oúnjẹ fún yín."

Kò na ọwọ́ sí i. Ó yíjú sí Àlàájà, ó rọra bi í, "Ṣé òótọ́ ló ń sọ?"